Obìnrin Tí Fíìmù Dúró Fún

Ẹ̀rọ sinimá méjìlá ni mo bá nínú ọkàn ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké ni wọ́n, irú èyí tí àwọn olówó ayé àtijọ́ máa ń gbé kalẹ̀ ní pálọ̀ nígbà tí sinimá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, tí wọ́n á fi ọwọ́ yí i, tí àwòrán á sì máa rìn lára ògiri. Ó máa ń wá wọn kiri bí ẹni tó ń wá ọmọ tó sọnù. Á rí ọ̀kan nínú òkìtì irin, á rí òmíràn lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé ẹnì kan, á gbé e wálé, á tú u palẹ̀, á wá fi òwú àti epo nu eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá ń ṣe é, ojú rẹ̀ máa ń rọ̀ débi pé mo máa ń jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí n kàn máa wò ó.

Iṣẹ́ tó ń jẹ gan-an ni títún aago ṣe, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Aláago. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló kọjú sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ. Ọdún mẹ́ta la fi ń wo ara wa láti òdìkejì títì, kó tó gbé aago àtijọ́ kan wá lọ́jọ́ kan pé kí n bá òun rán àpò fún un. Àpò fún aago! Mo rán an. Ọjọ́ yẹn ni ọkàn mi ti kúrò lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, nọ́ọ̀sì tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ, kì í jẹ́ kí n gbádùn.

"Ìyàwó kẹtàlá," ló ń pè mí. "Ṣé àwọn ìyáálé rẹ sùn dáadáa?"

"Wọ́n ní kí n kí yín."

"Sọ fún wọn kí wọ́n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ lórí bẹ́ẹ̀dì."

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ká ṣègbéyàwó nígbà tí Aláago tún gbé ẹ̀rọ kan wálé. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó ní, "Áà! Wọ́n ti já ẹ wálẹ̀ di kẹrìnlá."

Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Lọ́jọ́ Wẹ́sídeè, Aláago ń lọ sí ìlú kejì láti wá irin eléyín kan, ọjọ́ Sátidé ló máa dé. Ó ń sáré di báàgì rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ayọ̀ fẹ́ bẹ́ lára rẹ̀.

"Kẹtàlá ti dé, mo sì ti tún un ṣe. Má tíì fọwọ́ kàn án o. Ní Sátidé, àlejò kan ń bọ̀ wá wò ó."

"Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

"Obìnrin ni." Ó ṣẹ́jú sí mi. "Arẹwà sì ni."

Mo fẹ́ bi í pé arẹwà wo, ṣùgbọ́n mọ́tò rẹ̀ ti ń fun fèrè. Ó ju kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ mi, ó sì lọ. Mo dúró sójú títì pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́wọ́. Arẹwà. Ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ lé mi wọ ṣọ́ọ̀bù, ó bá mi jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Nígbà tó di ọ̀sán Tọ́sìdeè, mo lọ gbá yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi tó tò wọ́n sí. Kẹtàlá wà lórí tábìlì, dúdú, kò ga ju igbá ọwọ́ lọ. Agolo pẹlẹbẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fíìmù tín-ín-rín kan ló wà nínú rẹ̀, ihò wà láàárín rẹ̀ jálẹ̀ bí ihò bọ́tìnnì.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun kan nípa irú ẹ̀rọ yìí. Bí wọ́n bá fi ayùn kékeré gé etí fíìmù wọlé díẹ̀, kó mọ bí orí abẹ́rẹ́, tí ibẹ̀ bá ti dé iwájú iná, àwòrán á dúró gbagidi. Ọwọ́ rẹ á máa yí lọ, ẹ̀rọ á máa dún lọ, àwòrán ò ní kúrò títí wàá fi yí i bí ìgbà mẹ́jọ sí i. Láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ kíkọ ni wọ́n fi ń dá dúró kí èèyàn lè rí i kà. Ṣùgbọ́n Aláago sọ fún mi lẹ́nu ara rẹ̀ pé àwọn olólùfẹ́ máa ń gé e fúnra wọn. "Ibi tí èèyàn ò bá fẹ́ kúrò ni wọ́n máa ń gé létí," ló wí. Nítorí pé àwòrán ń dúró síwájú iná, gílóòbù kékeré tí iná rẹ̀ rẹlẹ̀ bíi ti àtùpà ni wọ́n máa ń lò sí i. Ó kìlọ̀ fún mi lọ́jọ́ náà pé gílóòbù ńlá á sun fíìmù bí ewé gbígbẹ.

Ó ti fi kámẹ́rà àtijọ́ rẹ̀ ya èmi náà rí lọ́dún tó kọjá, ní dúdú àti funfun. Mo jáde ní ṣọ́ọ̀bù, mo rẹ́rìn-ín, mo kọjá lọ bí ẹni tí ajá ń lé. Kò gé tèmi létí.

Mo pa fèrèsé dé. Mo ki fíìmù inú agolo náà bọ ẹ̀rọ bó ṣe kọ́ mi, mo tan iná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Ẹni tó ti ń fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ ìránṣọ láti ọdún mẹ́jọ, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Àwòrán jáde sára ògiri, kò fẹ̀ ju ojú férémù fọ́tò lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ni, aṣọ sísá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí okùn. Ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọge kan yọ pẹ̀lú bàsíà lọ́wọ́, ó rí ẹni tó ń yà á, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó wá mú ọwọ́ náà kúrò, ó rẹ́rìn-ín.

Ó sì dúró.

Ọwọ́ mi ń yí. Ẹ̀rọ ń dún. Ọmọge náà ò lọ. Ó ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹnì kan ti mú ayùn, ó ti tẹ orí ba, ó ti gé etí fíìmù yìí nítorí pé kò fẹ́ kúrò lójú obìnrin yìí.

Iná náà ṣókùnkùn, n kò rí ojú rẹ̀ dáadáa. Apá aṣọ rẹ̀ ni mo rí, torí télọ̀ kì í wo ojú kó tó wo aṣọ. Apá náà wú ní èjìká, ó wá fún mọ́ ọrùn ọwọ́, bọ́tìnnì márùn-ún tò sórí rẹ̀. Àrà tuntun tó gbòde nìyẹn lọ́dún náà, gbogbo ọmọge ló ń rán an. Mo rán irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ lóṣù tó ṣáájú fún akọ̀wé báńkì kan, ọlọ́rùn gígùn, tó gbé aago rẹ̀ fún Aláago tún ṣe lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Aago wo ló ń bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan?

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Mo sọ fún un pé akọ̀wé báńkì yẹn ni Aláago gé fíìmù fún.

"Ṣé ó dá ẹ lójú pé òun ni?" ló bi mí.

"Apá aṣọ tí mo rán ni! Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo rí!"

"Ojú rẹ̀ ńkọ́?"

"Iná ẹ̀rọ náà ò mọ́lẹ̀."

"Wá iná tó mọ́lẹ̀ nígbà náà. Wo ojú rẹ̀ kó o tó sunkún, kó o má lọ máa sunkún ẹlẹ́kún."

Gílóòbù ẹ̀rọ ńlá wà nínú páálí lábẹ́ tábìlì. Mo mú un. Mo mọ ohun tí Aláago sọ, n kò ní parọ́ fún yín. Mo kàn ń sọ fún ara mi pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni, kí n ṣáà rí i. Mo yọ èyí tó rẹlẹ̀, mo fi ńlá sí i, mo dá fíìmù padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo yí i.

Ògiri mọ́ rekete. Ọmọge náà tún yọ, ó tún rẹ́rìn-ín, ó tún dúró. Mo wá rí i kedere. Kì í ṣe akọ̀wé báńkì. Eyín iwájú rẹ̀ ní àlàfo, àmì dúdú kan wà ní àgbọ̀n rẹ̀, ojú rẹ̀ sì dára, ó dára ju tèmi lọ, ó dára débi pé ó dùn mí. Bó ṣe ń dùn mí lọ́wọ́ ni ilà ràkọ̀ràkọ̀ kan hù lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó fẹ̀ gun ẹnu, ó ń hó bí òróró gbígbóná. Lẹ́yìn náà, ihò funfun ló kù níbi tí ojú wà. Òórùn ike jíjóná gba gbogbo yàrá.

Mo pa iná. Mo jókòó sílẹ̀.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé bí ọjọ́ méjì yẹn ṣe rí? Mo dá gílóòbù kékeré padà. Mo ṣí fèrèsé, mo fi aṣọ fẹ́ òórùn jáde títí apá fi ń ro mí. Mo fi sísọ́ọ̀sì gé ibi tó jóná, ó mọ bí ìka méjì, mo fi gọ́ọ̀mù Aláago lẹ ìkángun méjèèjì pọ̀. Ìlẹ̀pọ̀ náà mọ́, bí ìgbà tí mo bá ṣẹ́tí aṣọ. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n gé létí ti bá ojú náà lọ. Èyí tó jóná, mo tọ́jú ẹ̀ sínú agolo abẹ́rẹ́ mi, n kò mọ ìdí. N kò jẹun. Nínú ọkàn mi, mo ń bínú sí i pé ó ní arẹwà tó ń bọ̀ ní Sátidé, mo tún ń bẹ̀bẹ̀ pé kó má fi mí sílẹ̀. Inú kan náà ni méjèèjì ń gbé, wọn ò jẹ́ kí n sùn.

Aláago dé láàárọ̀ Sátidé, ó gbá mi mọ́ra. N kò tíì la ẹnu tí ó fi ní, "Àlejò mi ti ń bọ̀. Mo rí i lókèèrè."

Ìyá àgbàlagbà kan ló wọlé, ó ń tẹ ọ̀pá, ó wọ aṣọ tó dára jù tó ní. Ó kí wa, ó rẹ́rìn-ín. Eyín iwájú rẹ̀ ní àlàfo. Àmì dúdú wà ní àgbọ̀n rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ kí i, ojú mi ò kúrò lára àmì náà.

"Màámi Tíṣà nìyí," ni Aláago wí. "Àwọn ló ni ẹ̀rọ yìí."

Mo bu omi fún un. Ó mu ún, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti ń dúró de ọjọ́ yìí tipẹ́. Awọnlẹ̀ ni ọkọ rẹ̀, ó ń bá ìjọba wọn ojú ọ̀nà nínú igbó, oṣù méjì péré ló ń lò nílé lọ́dún. Kété lẹ́yìn ìgbéyàwó wọn, ó yá kámẹ́rà, ó ya ìyàwó rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ àti fíìmù lọ síbi iṣẹ́. Bátìrì mọ́tò ló fi ń tan iná rẹ̀ nínú àgọ́.

"Ó máa ń kọ̀wé sí mi pé, 'Mo rí ọ lánàá, o dúró dè mí.' Mo ní kó fi hàn mí, ó kọ̀, ó ní kí n má lọ máa gbéra ga." Ó rẹ́rìn-ín. "Ó wá kú, ẹ̀rọ sì ti kọṣẹ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nìyí. Mo sọ fún Aláago pé kó máa gbé e lọ, kó ṣáà jẹ́ kí n fojú mi rí ibi tí ọkọ mi ń wò yẹn lẹ́ẹ̀kan."

Aláago pa fèrèsé dé. Ó yíjú sí mi, ojú rẹ̀ kún fún ìfẹ́. "Wá yí i. Ọwọ́ rẹ ló dára jù."

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nígbà yẹn.  Mo di apá ẹ̀rọ mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Ọ̀dẹ̀dẹ̀, aṣọ sísá. Mo ń ronú bí adìyẹ tí wọ́n ká mọ́ igun ilé: bí mo bá dá ọwọ́ dúró fúnra mi, bí ẹni pé etí gígé ló dá a dúró ńkọ́? Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí tí ọmọge náà fi ọwọ́ bo ẹnu, mo dá ọwọ́ dúró.

Àwòrán dúró. Ọwọ́ bo ìdajì ojú.

"Áà," ni Màámi wí wẹ́lẹ́. "Ibẹ̀ ni? Ó mà bò mí lójú."

Aláago kò wo ògiri. Èmi ló ń wò.

"Ẹ̀rọ dákẹ́," ló wí.

Bí fíìmù bá dúró nítorí etí gígé, ẹ̀rọ kì í dákẹ́. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú àwa méjèèjì? Ó sún mọ́ mi, ó yọ fíìmù náà, ó fà á láàárín ìka méjì bí mo ṣe máa ń fa etí aṣọ. Ìka rẹ̀ kan ìlẹ̀pọ̀ náà.

"Èmi ni," ni mo wí. "Màámi, èmi ni. Mo fi gílóòbù ńlá sí i, mo sun ojú yín."

"Kí lo fẹ́ fi gílóòbù ńlá ṣe?" ni Màámi bi mí.

"Mo fẹ́ rí yín dáadáa. Apá aṣọ yín ni… irú rẹ̀ ló wà lóde báyìí. Mo rò pé ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ ni yín."

 Màámi wo Aláago láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wò mí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mì ín láti èjìká.

"Èmi?" ló wí. "Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin! Eyín mẹ́sàn-án ló kù sí mi lẹ́nu, ọmọge ṣì ń jowú mi! Ọkọ mi tó wà lọ́run, ṣé o gbọ́?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di aṣọ mú mọ́ àyà.  Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n n kò rí i," ló wí. "N kò sì ní rí i mọ́."

Mo mú èyí tó jóná wá nínú agolo abẹ́rẹ́. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Níbi tí ojú rẹ̀ wà, ojú ọ̀run ló hàn. Mo wólẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Dìde," ló wí. "Orúnkún kì í rán fíìmù."

Ó fi áńkáṣíìfù wé e, ó gba agolo fíìmù lọ́wọ́ Aláago, ó ní kó máa lo ẹ̀rọ, àdéhùn ni àdéhùn. Aláago fẹ́ sìn ín, ó kọ̀. A gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ lórí títì títí a ò fi gbọ́ ọ mọ́.

"Màámi rẹ́rìn-ín," ni Aláago wí. "Èmi ò rín."

"Mo bẹ̀rù kí n má pàdánù rẹ ni."

"Ṣé o ò lè bi mí ni?"

"O ní arẹwà ni!"

"Ṣé kì í ṣe arẹwà ni?"

 Mo wá sọ èyí tó wà nísàlẹ̀ ikùn mi, bó ti lẹ̀ jẹ́ pé ó tì mí lójú. "O ò gé tèmi létí. Mo kàn sáré kọjá ni."

Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. "Ọkùnrin yẹn wà nínú igbó fún oṣù mẹ́wàá. Ìwọ, mo kàn gbé ojú sókè ni, mo rí ọ lódìkejì títì. Kí ni mo fẹ́ gé?" Ó jókòó, ó fi ọwọ́ bojú. "O bu omi fún un. O jókòó tì í, ó ń sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ fún ọ, o sì dìde, o bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò gbé ojú sókè mọ́. Òdìkejì títì náà ló wà, orí rẹ̀ tẹ̀ ba lórí aago àwọn ènìyàn. Mo ń rán aṣọ, mo ń tú u, mo ń rán apá mọ́ ibi ọrùn. Ẹ̀gbọ́n mi wá, kò pè mí ní ìyàwó kẹtàlá tàbí kẹrìnlá. Ó jókòó, ó bá mi to bọ́tìnnì. Ìgbà tó dákẹ́ báyìí ni mo mọ̀ pé ọ̀ràn mi le. Mo lọ sílé Màámi lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní, "Tèmi ti tán lọ́wọ́ rẹ. Èyí tó kù, lọ bá ẹni tó ni ín." Mo mọ̀ pé Aláago ló ń sọ, ṣùgbọ́n mo ń yẹra fún un.

Ní ọjọ́ kẹwàá, Aláago sọdá títì. Ó wọlé, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà. Irùngbọ̀n ti hù sí i. 

"Mo ti ronú sí i," ló wí. "Gílóòbù yẹn ti le jù. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti jó. O ò lè bá a mọ́. Ọwọ́ ni, kì í ṣe ọkàn. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀."

Ohun tí mo ti ń fẹ́ gbọ́ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án nìyẹn. Ó na ọwọ́ sí mi. Ohun tó kù fún mi kò ju kí n dì í mú.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí," ni mo wí.

"Kí ni?"

"Ó bẹ̀rẹ̀ láti àgbọ̀n. Mo rí i. Ìka mi wà lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń pa iná. Mo kà á. Mo kà dé ẹ̀ta. N kò tẹ̀ ẹ́." Omi ojú mi ń kán sórí aṣọ oníbàárà, n kò nù ún. "Ó dára jù mí lọ, mo fẹ́ kó jó."

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó dìde, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mọ́tò kan kọjá, òmíràn tún kọjá. Mo rí èjìká rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò. Mo ti ń múra de ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa kan títì.

"Kí ló dé tó o fi sọ fún mi?" ló bi mí, kò bojú wẹ̀yìn. "Ǹ bá má mọ̀ láéláé."

"Torí èmi lo fẹ́ fẹ́. Kì í ṣe ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣàṣìṣe yẹn."

 Ó di òpó ilẹ̀kùn mú. Lẹ́yìn náà, ó yí padà, ó wá sídìí bẹ́ǹṣì, ó tún jókòó. Kò wò mí, kò sì fọwọ́ kàn mí.

"Máa rán aṣọ rẹ," ló wí. "N kò tíì lọ."

Mo gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ, ọwọ́ tí kì í gbọ̀n yẹn ń gbọ̀n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán an.